Kí ẹ tó sanwó ọmọ ajá, ẹ béèrè nípa ìbàdí àwọn òbí rẹ̀

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ fún àwọn tó ń ra German Shepherd, Rottweiler àti Boerboel nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí: ìwé ìran tí wọ́n ń kó lé yín lọ́wọ́ kò sọ nǹkan kan nípa àìsàn ìbàdí tí wọ́n ń pè ní hip dysplasia. Ajá tó bí ajá ló wà níbẹ̀.

Orí egungun itan rí roboto, inú kòtò kan ní ìbàdí ló sì yẹ kó jókòó sí pinpin. Lára ajá tó ní àìsàn yìí, kòtò náà kì í jìn tó, iṣan tó dè é á sì dẹ̀. Egungun á máa yẹ̀, á máa gbo ara wọn, títí oríkèé á fi bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ ajá, ẹ ò lè rí i. Bó bá ń dàgbà lẹ óò rí i pé ó ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ sáré bí ehoro, tàbí pé dídìde ń ni ín lára láàárọ̀, itan rẹ̀ sì ń rù. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń rìn geere títí wọ́n fi gbó, ìdí nìyẹn tí wíwo ìrìn akọ kò fi tó.

X-ray ló ń tú u fó. Wọ́n á fún ajá lóògùn oorun, wọ́n á dá a dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀yìn, wọ́n á sì na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ. Ní Amẹ́ríkà, OFA, àjọ tó ń yẹ X-ray ìbàdí ajá wò, kì í fún ajá ní èsì ìkẹyìn àfi tó bá pé oṣù 24. Ẹ wá wo akọ tí kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ti ń gbà lọ gun abo kiri! Àbùdá tó ń fà á sì pọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, nítorí náà òbí méjì tí ìbàdí wọn dáa ṣì lè bí èyí tó ń tiro. Ẹ béèrè àwọn ọmọ tí wọ́n ti bí tẹ́lẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ bí wọn. Bí ọ̀kan bá ń tiro níbẹ̀, kí wọ́n má tún so akọ àti abo yẹn pọ̀ mọ́.

Oúnjẹ tún ń dá kún un. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dín oúnjẹ àwọn ajá Labrador kan kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti kékeré. Àìsàn yìí kò mú wọn tó àwọn tí wọ́n jọ bí wọn, wọ́n sì fi bí ọdún méjì pẹ́ láyé jù wọ́n lọ. Ọmọ ajá tó ń sanra kìtìkìtì kì í ṣe ohun ìyangàn. Ẹ fọwọ́ ra ìhà rẹ̀, ó yẹ kí ẹ kan egungun. Ẹ má bu kálísíọ́mù tàbí egungun lílọ̀ sí oúnjẹ rẹ̀, nítorí ìfun ọmọ ajá kò lè kọ èyí tó bá pọ̀ jù. Bó bá sì ń tiro, ẹ má fún un ní ibuprofen tàbí diclofenac tiyín, ó ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ẹni tó bá ní òun ti ya X-ray, kó gbé fọ́tò náà wá, kí orúkọ ajá àti ọjọ́ tí wọ́n yà á wà lára rẹ̀.

Olùtọ́jú ajá kan,
Ògbómọ̀ṣọ́