Ẹ bèèrè kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín

Sí Olóòtú,

Ẹni tó bá mú fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò kan náà dé láàbù mẹ́ta ní Àkúrẹ́, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lè pè fún un. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni pé ẹni tó pe owó gegele fẹ́ rẹ́ni jẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó jinlẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń wo hòmóònù, gẹ̀gẹ̀, àrùn mẹ́dọ̀wú tàbí ẹ̀jẹ̀ tí kì í tètè dì, ohun tí láàbù méjì ń tà lè má jẹ́ ọ̀kan náà bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ bára mu.

Ẹ jẹ́ ká mú T4, èyí tí wọ́n fi ń wo gẹ̀gẹ̀. Láàbù tí kò ní ẹ̀rọ ńlá ń fi àwo ike pẹlẹbẹ kan ṣe é, ihò 96 ló wà lára rẹ̀. A ò lè da ti aláìsàn nìkan sínú rẹ̀. Omi òdiwọ̀n tí ẹ̀rọ yóò fi mọ ohun tó ń kà ló ń ṣíwájú, oríṣi mẹ́fà ló sábà máa ń jẹ́. Oríṣi méjì mìíràn tẹ̀ lé e, tí a fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ ọjọ́ náà dára. Bí a bá da ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ihò méjì bó ṣe yẹ, ihò 16 ti lọ kó tó kan aláìsàn kankan. Bí aláìsàn bá pé 40, ihò 80 ni tiwọn, àwo kún, owó òdiwọ̀n sì pín sórí gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ èèyàn mẹ́rin péré, ihò 8 ni tiwọn, òdiwọ̀n ti jẹ 16. Òun ló fa "ẹ padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀" tí àwọn èèyàn ń bínú sí: wọ́n ń dúró kí èrò pé ni. Láàbù tó bá ní òun á ṣe é lójú ẹsẹ̀ yóò gbowó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í ṣe olè. Bí dókítà kò bá ti ní ó di kánjúkánjú, ẹ dúró de ọjọ́ Jímọ̀ yín.

Òkè òkun ni wọ́n ti ń fi dọ́là ra ohun èlò wọ̀nyí, inú òtútù ìwọ̀n Celsius 2 sí 8 ni ọ̀pọ̀ wọn sì gbọ́dọ̀ wà títí a ó fi lò ó. Ẹni tó mọ bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa yóò mọ ẹni tó ń san owó epo jẹnẹrétọ̀.

Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí a ń gbowó rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ló jẹ́ pé láàbù kan ní Ìbàdàn tàbí Èkó ni wọ́n ń gbé e lọ. Owó láàbù ọ̀hún, owó ọkọ̀ àti èrè ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ yín ló para pọ̀. Kò sí àbùkù níbẹ̀ bí wọ́n bá sọ fún yín. Àbùkù ni kí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ odidi sínú kúlà láì kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yí i kí wọ́n sì ya omi rẹ̀ sọ́tọ̀. Kó tó dé Èkó, pọtásíọ̀mù inú hóró ẹ̀jẹ̀ á ti máa jò sínú omi náà, yìnyín tí wọ́n rò pé ó ń tọ́jú rẹ̀ gan-an ló sì ń mú kó jò sí i. Èsì á ní pọtásíọ̀mù ga, àyà aláìsàn á já, dókítà á ní kí wọ́n tún un ṣe. Owó kejì nìyẹn.

Owó àtúnṣe yìí ló ń dùn wá jù. Ẹ wo ìgò kékeré olómorí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dì: èyí tó wọ́pọ̀ ti ní mílílítà 0.3 oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú, ẹ̀jẹ̀ 2.7 ló sì gbọ́dọ̀ bá a. Bí wọ́n bá fa ìdajì, oògùn á pọ̀ jù fún un, èsì á sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ yín kì í tètè dì nígbà tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìlà wà lára ìgò náà. Ẹ fojú ara yín wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ kan ìlà.

Aláìsàn náà ní tirẹ̀. Fítámì irun àti èékánná tí biotin pọ̀ nínú rẹ̀ lè da èsì gẹ̀gẹ̀ rú. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń lò ó, kí ẹ sì dá a dúró fún ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára kó má sáré lọ yẹ jẹ́nótáìpù wò kí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin tó kọjá, kó má baà jẹ́ ti ẹni tó fẹ̀jẹ̀ tọrẹ ni yóò yọjú. Ẹni tó jẹ́ SS tí wọ́n kọ HbA1c fún nítorí àtọ̀gbẹ, kó rán dókítà létí jẹ́nótáìpù rẹ̀: hóró ẹ̀jẹ̀ SS kì í pẹ́ tó èyí tí àyẹ̀wò náà gbára lé, irọ́ ni yóò pa. Wọ́n lè fi àyẹ̀wò mìíràn tó ń jẹ́ fructosamine rọ́pò rẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ àyẹ̀wò gẹ̀gẹ̀ mẹ́ta, TSH, T3 àti T4, pọ̀ fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ bi dókítà bóyá TSH lè dá ṣíwájú. Bó bá dára, ìyókù lè má pọn dandan. Bí kò bá dára, ẹ̀jẹ̀ yín tó kù nínú fíríìjì láàbù ni wọn yóò fi ṣe ìyókù lọ́jọ́ kejì, láì tún gún yín lábẹ́rẹ́.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa lè torí èyí bínú: àwọn láàbù kan ń fún ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù lówó ẹ̀yìn, orí aláìsàn ni owó náà sì ń bọ́ sí. Bí wọ́n bá ní láàbù kan ṣoṣo lẹ gbọ́dọ̀ lọ, ẹ bèèrè ìdí. Ìdí gidi lè wà. PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àrùn próstéètì ọkùnrin, tí wọ́n ń wò léraléra yẹ kó jẹ́ ibì kan náà, torí ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ kì í kà bákan náà.

Ẹni tó ń ti Ìdànrè tàbí Igbára-Òkè bọ̀, kó kọ́kọ́ pe láàbù lórí fóònù kó tó wọkọ̀. Ẹni tó ní ìwé adójútòfò ìlera, kó gba kóòdù àṣẹ kó tó sanwó, torí ó ṣòro kí wọ́n dá owó tó ti wọlé padà. Ti ikọ́ ife àti HIV, ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba.

Ohun tí a ń bẹ àwọn tó ni láàbù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni kí wọ́n gbé pátákó kan kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àṣẹ tọdún yìí láti ọ̀dọ̀ MLSCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ láàbù ní Nàìjíríà: orúkọ àyẹ̀wò, iye rẹ̀, ọjọ́ tí èsì ń jáde, àti "níbí" tàbí "Èkó" níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwa òṣìṣẹ́ láàbù méjì,
Àkúrẹ́.