Mosconi Kò Fi Ọwọ́ Rẹ̀ Pamọ́: Lẹ́tà sí Àkànní

Tákí, Ògbómọ̀ṣọ́.

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ara gbogbo wa le nílé. Ìyá rẹ kí ọ, Bísí náà kí ọ. Iná ti ń wá díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìyẹn ni mo fi ráyè jókòó kọ lẹ́tà lálẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ gùn ju ti fóònù lọ, o sì mọ̀ pé tí a bá ti ń bọ́ sójú ọ̀rọ̀ lórí fóònù báyìí, kì í pẹ́ tí wàá fi ní kásítọ́mà ti dé.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, o ní nínú gbogbo àwọn tó ń ta sínúkà ní Òwódé níbẹ̀ yẹn, kò sí ẹni tó lè nà ọ́. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Orí tábìlì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi yìí ni o ti kọ́ ọ, orí àpótí kokakólà ni o máa ń dúró kí ọwọ́ rẹ tó lè tó bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n o tún sọ nǹkan kan tẹ̀ lé e tí kò kúrò lọ́kàn mi títí di báyìí. O ní ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta kì í jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ta, pé ibẹ̀ ni owó wà. O sì bi mí pé láyé àtijọ́, ta ni ọ̀gá pátápátá nínú eré yìí. Kásítọ́mà rẹ dé, n kò ráyè dá ọ lóhùn.

Willie Mosconi ni.

Philadelphia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1913. Bàbá rẹ̀ ní ilé sínúkà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ọmọ òun fọwọ́ kan eré náà rárá. Ó ń kó bọ́ọ̀lù pamọ́ fún un. Kí ni ọmọ ṣe? Ó lọ sí ilé ìdáná ìyá rẹ̀, ó ṣa ànàmọ́ òyìnbó kéékèèké tó rí roboto, ó fi igi ìgbálẹ̀ ṣe ọ̀pá, ó sì ń ta á nígbà tí ojú kò sí lára rẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá rẹ, ó ní òun ì bá ti fi igi ìgbálẹ̀ náà nà án kí bàbá rẹ̀ tó gbọ́.

Nígbà tí bàbá wá rí ohun tí ọwọ́ ọmọ náà lè ṣe, ó yí ohùn padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú un kiri kí àwọn èèyàn lè wá wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́fà péré ni nígbà tí wọ́n ní kó bá Ralph Greenleaf ta á, ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogún ọdún, tó sì di ọ̀gá àgbáyé ní 1919. Greenleaf ló borí, ta ló retí nǹkan mìíràn? Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí eré yìí fi sú Mosconi, ó pa á tì.

Ebi ló dá a padà. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé lẹ́yìn 1929, tí ara bàbá rẹ̀ kò sì yá, ó padà sídìí tábìlì kí ilé lè rí nǹkan jẹ. Mo fẹ́ kí o dúró níbẹ̀ yẹn díẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ: owó ilé, owó ọkọ̀, owó dátà, gbogbo nǹkan ló ti gbówó lórí. Owó ló mú òun náà débẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú gbangba ló ti wá a. Ní 1933, òun àti Greenleaf jọ rìn káàkiri Amẹ́ríkà, láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì bára wọn ta á nígbà 107. Greenleaf borí nínú 57, Mosconi nínú 50. Ọmọ ogún ọdún ni Mosconi nígbà náà. Tìrẹ, o ń wá àwọn tí kò mọ nǹkan kan kiri. Òun, ọ̀gá tó ju ọ̀gá lọ ló ń bá yí i, ẹni náà sì nà án nígbà 57 lójú àwọn tó sanwó wòran. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti mú.

Láti 1941 títí dé 1957, ìgbà 15 ló gba adé àgbáyé.

Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ta á, torí kì í ṣe èyí tí ẹ ń ta, tí ẹnìkan á mú onílà, tí ẹnìkejì á mú aláìnílà, tí ẹ ó wá máa lé dúdú. Tiwọn, bọ́ọ̀lù 15 ló wà lórí tábìlì, èyí tó bá wù ọ́ ni kí o gbá, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde: bọ́ọ̀lù báyìí, ihò báyìí. Tó bá wọ ihò mìíràn, kò kà, ì báà ṣe pé ó wọlé wẹ́rẹ́. Máàkì kan ni bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Tó bá wá ku ẹyọ kan, wọ́n á to 14 yòókù padà, wọ́n á fi àyè iwájú sílẹ̀ lófìfo. Ìwọ á gbá ẹyọ tó kù yẹn wọlé, funfun náà á sì gba ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n tò, kó tú wọn ká, kí o lè rí èyí tó kàn gbá. Bí funfun bá lọ sá sí kọ̀rọ̀, ó parí. Tí o bá tàsé, o jókòó, ẹnìkejì dìde.

Ní oṣù Kẹta 1954, ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Ohio, Mosconi gbá bọ́ọ̀lù 526 wọlé láìtàsé ẹyọ kan. Ka iye yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí a bá fi 14 pín in, ó lé ní 37: wọ́n tò ó, ó kó o, wọ́n tò ó, ó kó o, títí tó fi dà bí ẹni pé tábìlì ń bẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń dúró ti tábìlì tèmi, n kò tíì rí ẹni tó gbá 20 léra. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà fọwọ́ sí ìwé ìbúra pé ojú àwọn ló ṣe. Àwọn kan ń jiyàn pé tábìlì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tó gùn ní mẹ́jọ ni, pé ó kéré sí ti ìdíje. Kí wọ́n wá gbá 100 lórí rẹ̀ ná. Ọdún 65 ni iye yẹn fi dúró, ó di 2019 kí John Schmidt tó gbá 626, Jayson Shaw sì gbá 714 ní 2022.

Ohun tí mo ń wò nínú gbogbo rẹ̀, Àkànní, ju iye náà lọ. Eré tí wọ́n fi ń mọ ọ̀gá nígbà náà, ó ní kí o sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ kí o tó ṣe é. Ẹnìkejì rẹ mọ bọ́ọ̀lù tí ò ń lé, òǹwòran mọ̀ ọ́n, onímáàkì mọ̀ ọ́n. O sọ ọ́, o ṣe é, tàbí o tàsé lójú gbogbo wọn.

Ọkùnrin kan wà láyé ìgbà náà tí ọ̀rọ̀ tìrẹ bá mu ju Mosconi lọ. Rudolf Wanderone ni wọ́n ń pè é. Ó sanra, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ìdí tábìlì tí owó bá wà ló ń bá kiri. Ní 1961, wọ́n ṣe fíìmù kan nípa àwọn tó ń fi sínúkà jẹ owó. Mosconi ni wọ́n gbà láti kọ́ àwọn òṣèré bí wọ́n ṣe máa di ọ̀pá mú. Ẹnìkan wà nínú fíìmù náà tí wọ́n pè ní Minnesota Fats, Wanderone bá ní òun gan-an ni wọ́n ń sọ. Ó gba orúkọ náà, ó fi di olókìkí. Mosconi kò fẹ́ràn èyí rárá. Òun a máa wọ kóòtù àti táì sídìí tábìlì, ó fẹ́ kí aráyé rí eré náà bí iṣẹ́ ọmọlúàbí, kí wọ́n yé kà á mọ́ ti ọmọ ìta.

Ní 1978, àwọn méjèèjì pàdé ní New York, tẹlifíṣàn sì gbé e. Bísí ṣí i fún mi lórí YouTube. Fats ń rojọ́, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Mosconi ti pé ẹni ọdún 64, ojú rẹ̀ le, ó ń gbá tirẹ̀ lọ. Òun ló borí. N kò sì ní tàn ọ́: títí dòní, àwọn tó mọ orúkọ Fats lè pọ̀ ju àwọn tó mọ ti Mosconi lọ. Bó bá jẹ́ ariwo ni o ń wá, ọ̀nà Fats yá.

Wàyí o, mo ti gbọ́ nípa ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìṣẹ́yìn. Má bi mí pé ta ló sọ fún mi. Wọ́n ní o jẹ́ kó nà ọ́, o tún jẹ́ kó nà ọ́, o ń di ọ̀pá mú bí ẹni tí kò rí i rí, ò ń fi ṣọ́ọ̀kì pa ìdí ọ̀pá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sì mọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú. Ìgbà tó wá fi owó oúnjẹ rẹ̀ lé e ni ojú rẹ là. Ẹ lè máa pe ìyẹn ní ọgbọ́n ní Òwódé. Jíbìtì ni orúkọ tí mo mọ̀ fún un.

Dá owó rẹ̀ padà. Má ṣe é lójú àwọn yòókù, kí ìtìjú má bàa bo ọmọ ọlọ́mọ, má sì ṣe é bí ẹni ń tọrẹ àánú. Sọ fún un pé o mọ̀ ọ́n ta ju bí o ṣe ṣe lọ, kí o sì dákẹ́. Tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kọ́ ọ.

Kì í ṣe nítorí tirẹ̀ nìkan ni mo fi ń sọ ọ́. Ọwọ́ kò mọ àwàdà yàtọ̀ sí òótọ́. Ohun tí o bá ń fi ṣe lójoojúmọ́ ni yóò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọkùnrin kan wà níbí tó ń díbọ́n báyìí nídìí tábìlì mi, ó ń tàsé mọ̀ọ́mọ̀ kí wọ́n lè fowó lé e. Nígbà tí ìdíje gidi wá dé, bọ́ọ̀lù tí kò yẹ kó tàsé ló ń tàsé, ẹ̀rù sì ń bà á torí kò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́ nínú méjèèjì.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ẹni tó gbé fóònù wá fún ọ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí o bá ní bátìrì ló kú, bátìrì ló kú. Bí o bá ní ojú rẹ̀ ló máa pààrọ̀, yóò lọ wá owó ojú. Tó bá ti mọ́ ọ lára láti máa fi ohun tí o mọ̀ rẹ́ ẹni tí kò mọ̀ jẹ, ṣé o rò pé ìdí tábìlì ni yóò dúró sí? Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

O lè ní ayé kì í jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jẹun lójú gbangba. Cisero Murphy ni kí o lọ kà nípa rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni, Brooklyn ní New York ni wọ́n bí i sí ní 1935. Nígbà ayé rẹ̀, wọn kì í pe aláwọ̀ dúdú síbi ìdíje adé àgbáyé, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mú tó. Ó ń borí léraléra nínú ìdíje ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò rí i. Bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù gan-an kò jọ ti ẹnikẹ́ni, ọ̀pá rẹ̀ a máa kọ́sẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó kan funfun. Ní 1965, wọ́n jàjà pè é sí Burbank ní California. Ìgbà àkọ́kọ́ tó débẹ̀ nìyẹn, ó sì gba adé. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á. Bí ẹnìkan bá ní ìdí láti sọ pé òun yóò wọ abẹ́lẹ̀ lọ máa rẹ́ èèyàn jẹ, òun ni. Ní 1995, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni eré náà, ó sì kú ní 1996. Mosconi ti kú ní 1993.

Mo ti pààrọ̀ aṣọ tábìlì wa. Mo fi pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń rì, kò fà sí apá kan mọ́, nítorí náà má fi ìyẹn ṣe àwáwí. Nígbà tí o bá wálé fún ọdún, irú ti Mosconi ni a ó ta, máàkì kan fún bọ́ọ̀lù kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ pé 50. Bísí ni yóò kọ máàkì, ó sì ti ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé bàbá òun ni yóò borí.

Ìyá rẹ di èlùbọ́ àti gbúre gbígbẹ fún ọ. Yóò dé gáréèjì Òwódé lọ́jọ́ Ẹtì, dírẹ́bà yóò pè ọ́. Tètè lọ gbà á kí òjò má bàa pa èlùbọ́. Èyí tó wà nínú ọ̀rá dúdú, ìyá onílé rẹ ló ni ín o. Ó ti bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó mọ iye kóńgò tó wà níbẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.