Àbẹ̀kẹ́, má tíì sanwó kọ́ọ̀sì yẹn

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. Inú mi dùn gan-an pé iṣẹ́ oúnjẹ àti ìlera ni ọkàn rẹ fà sí. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀sì ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí o fẹ́ fi di nutritionist, onímọ̀ nípa oúnjẹ, yẹn, jọ̀ọ́, má tíì san kọ́bọ̀ lé e lórí.

Ní Ìlú Ọba tí o wà yẹn, ẹnikẹ́ni ló lè pe ara rẹ̀ ní nutritionist; òfin kò mú un. Orúkọ dietitian, ẹni tó ń fi ètò oúnjẹ tọ́jú aláìsàn, ni òfin ń ṣọ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀ níbẹ̀, tó wá ń jẹ́ orúkọ yẹn, ó ti lu òfin. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn nutritionist o. Àwọn tó kàwé, tí orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ Association for Nutrition, ń ṣe iṣẹ́ gidi láàárín ìlú àti nílé iṣẹ́ oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ ní ilé ìwòsàn lo fẹ́ wà.

Wọ́n gbé bàbá kan wá sí wọ́ọ̀dù wa rí, tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnìkan tó ń polówó ara rẹ̀ lórí Facebook ló ní kó máa mu omi ewé ugwu, kó sì máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ láràárọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀. Oúnjẹ dáadáa ni fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Àmọ́ èròjà tí wọ́n ń pè ní potassium pọ̀ nínú wọn, kíndìnrín tó ti ṣàárẹ̀ kò sì lè sẹ́ ẹ jáde. Bó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró. Ọlọ́run yọ bàbá náà. Mo pe ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kó máa gé iṣu kéékèèké, kó bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, kó da omi yẹn nù, kó tún fi omi mìíràn sè é. Ó ní, "Ṣé a ṣì lè gún un, mà?" Mo ní ẹ lè gún un, kó má ṣáà pọ̀ jù.

Ta ni yóò kọ́ ọ ní èyí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? O ti ka biochemistry, nítorí náà wá máásítà ọlọ́dún méjì nínú dietetics tí HCPC fọwọ́ sí. Wọ́n á rán ọ lọ sílé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò oúnjẹ fún ẹni tí wọ́n ń fi rọ́bà gba imú bọ́. Band 5, ìpele owó oṣù kan, ni NHS, ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba, fi ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Amẹ́ríkà tí àǹtí rẹ ń pè ọ́ sí kò rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January 2024, ẹni tí kò bá ní máásítà kò lè jókòó ṣe ìdánwò RDN, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń di dietitian níbẹ̀.

Àwọn ìyá wa tó wà ní Peckham ní London, tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà, nílò ẹni tó mọ bí òkìtì àmàlà kan ṣe tóbi tó.

Orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì tí HCPC fọwọ́ sí wà lórí ìkànnì wọn. Yan méjì tàbí mẹ́ta, kí o fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Àìkú. Bàbá rẹ ní kí a jọ sọ ọ̀rọ̀ owó náà lórí fóònù.

Ìyá rẹ