Ẹ̀jẹ̀ Tó Lọ Sílẹ̀ Yẹn, Ẹ Jọ̀ọ́ Ẹ Sọ Èwo Ni Fún Wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ bọ̀dá mi ni mo fẹ́ sọ, torí ohun tójú wa rí níbí n'Ìjẹ̀bú-Òde, mi ò fẹ́ kójú ẹlòmíì tó ń tọ́jú aláìsàn jẹjẹrẹ inú ọpọlọ rí i.

Èkó la ti ń gbàtọ́jú. Wọ́n ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n yọ èyí tó ṣeé yọ, ìgbà tójú abẹ jinná ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ iná, radiotherapy yẹn, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì ò sí lóòjọ́, ọgbọ̀n ìgbà ni gbogbo ẹ̀, wọ́n sì ń lo hóró temozolomide, oògùn jẹjẹrẹ kan, lójoojúmọ́ mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ wọn. Lọ́sẹ̀ kẹrin nọ́ọ̀sì kan kàn sọ fún wa lẹ́nu ọ̀nà pé "ẹ̀jẹ̀ bàbá ti lọ sílẹ̀ o, ẹ fún wọn lóúnjẹ dáadáa." Ó parí.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó máa wá sí wa lọ́kàn. Ìyàwó wọn bẹ̀rẹ̀ sí fún ewé ugwu, wọ́n ń po mílíìkì mọ́ máàtì, àbúrò wa kan lọ ra ẹ̀dọ̀ màlúù l'Ọ́jà Òkè-Ajé. Ẹ̀jẹ̀ pupa là ń wá kiri, ẹ̀jẹ̀ pupa ò sì dín lára wọn, PCV wọn, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa yẹn, 40 ni. Ẹ̀jẹ̀ funfun ló ti lọ, àwọn ọmọ ogun ara, àgàgà èyí tí wọ́n ń pè ní lymphocyte, máàtì páálí mẹ́wàá ò lè dá ìyẹn padà.

Ìgbà yẹn ló wá bọ́ sí Iléyá. Ọsibítù gba ìsinmi, a gbé bọ̀dá wálé, nígbà tó di ọjọ́ kẹta wọ́n ní àwọn ò lè wà n'Ìjẹ̀bú káwọn má dé Ojúde Ọba, a wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn fún wọn, a gbé wọn síbi táwọn regberegbe wọn, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wọn, jókòó sí. Gbogbo ayé ń dì mọ́ wọn. Ẹnì kan ń húkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tára wọn gbóná, ikọ́ dé, a ní ibà ni, a lo oògùn ibà ọjọ́ méjì gbáko ká tó gbé wọn lọ.

Dókítà tó rí wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn béèrè pépà tẹ́ẹ̀sì. Inú ọ̀rá ni gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Ó tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fìka tọ́ ìlà lymphocyte lórí pépà kọ̀ọ̀kan: 1,900, 1,200, 700, 400. Ti èèyàn tára ẹ̀ le kì í sábà já sísàlẹ̀ 1,000. Ọlọ́run ló yọ wọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Dókítà yẹn ló wá ṣàlàyé. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn gba orí kọjá nígbà tí wọ́n ń tan iná yẹn ń gba tiẹ̀, lymphocyte ò sì lágbára iná rárá. Temozolomide ń dí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́wọ́. Dexa, ìyẹn oògùn dexamethasone tí wọ́n fi ń mú wíwú inú orí wálẹ̀, òun náà ń dín wọn kù (dexa yìí làwọn ọmọbìnrin kan ń rà ní kẹ́míìsì láti fi sanra, ẹ bá mi kìlọ̀ fún wọn). Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bọ̀dá mi ti kún, gbogbo èèyàn ń sọ pé ara ti ń yá, àṣé dexa ni.

Ní 2011 àwọn dókítà l'Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde, èèyàn 96 tó ní irú kókó ọpọlọ burúkú yìí ni wọ́n ń ka CD4 wọn, irú kan lára àwọn lymphocyte yẹn, lóṣooṣù. Nígbà tó fi máa pé oṣù méjì, bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá wọn ló ti já sísàlẹ̀ 200, ọdún kan tí wọ́n fi ń wò wọ́n, kò gbérí padà dáadáa. Ẹni tó bá ti sin èèyàn lọ gba oògùn HIV rí mọ ohun tí 200 yẹn túmọ̀ sí, pé ara ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára láti bá àrùn jà mọ́, ó mọ Septrin tí wọ́n ń fún wọn kí àrùn má bàa wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn aláìsàn tiwa náà ń lò ó nígbà iná, a ti ń gbà á, a ò kàn mọ ìdí ẹ̀ ni, bọ̀dá sì ń fo ọjọ́ míì.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò tóbi. Aláboyún ní káàdì, ọmọ abẹ́rẹ́ àjẹsára ní káàdì. Ẹ fún aláìsàn ọpọlọ ní káàdì tí wọ́n á máa kọ nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ funfun ẹ̀ sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sọ lédè Yorùbá pé tó bá ti tó báyìí, ẹ má gbé e lọ sáàárín èrò, tára bá sì gbóná dé 38, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kẹ́míìsì. Kí wọ́n má sì dá kíkọ nọ́ńbà yẹn dúró lọ́jọ́ tí iná bá parí. Ẹ̀rọ tó ń ka CD4 ti wà ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú HIV, ká jẹ́ káwọn wọ̀nyí náà máa lò ó. Ẹ̀yin aláṣẹ OOUTH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù, ẹ bá wa ro ó wò, kẹ́ni tó ti gba iná l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn lè máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítòsí ilé, kó má jẹ́ pé torí tẹ́ẹ̀sì kan á tún wọkọ̀ lọ Èkó.

Mo ti da gbogbo nọ́ńbà bọ̀dá kọ sínú ìwé ẹ́sásáìsì kan, mo fàlà pupa sábẹ́ 1,000. Lóṣù tó kọjá ìyá kan n'Ìjẹ̀bú-Igbó tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iná fọ́mọ ẹ̀ wá bá mi, mo fàlà sí tiẹ̀ náà kó tó lọ.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìjẹ̀bú kan,
Ìjẹ̀bú-Òde