Má tíì ra pọ́ǹpù yẹn

Abẹ́òkúta

Bàbá Tóbi, ọ̀rẹ́ mi,

Ooru Houston ńkọ́? Gbogbo ilé ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí.

Mo rí àwòrán pọ́ǹpù púùlù ìlúwẹ̀ẹ́, 2 hp (hp ni wọ́n fi ń wọn agbára mọ́tò), tí o fẹ́ fi sínú kọ̀ntéénà. Jọ̀ọ́, má tíì sanwó. Mo dé ilé rẹ ní Sátidé, mo wo páìpù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti púùlù dé ilé ẹ̀rọ. Íǹṣì kan àbọ̀ ni. Páìpù yẹn ló máa sọ iye omi tó lè kọjá, hp tí wọ́n kọ sára mọ́tò kọ́.

Wò ó, púùlù rẹ gùn ní mítà 8, ó fẹ̀ ní 4, jíjìn rẹ̀ á tó mítà kan àbọ̀ tí a bá pín in dọ́gba. Lítà 48,000 nìyẹn. Kí gbogbo rẹ̀ tó lè gba inú fílítà kọjá ní wákàtí 8, lítà 6,000 ní wákàtí kan la ń wá. Kò pọ̀ rárá. Tí o bá wá fẹ́ fi ipá ti ìlọ́po méjì rẹ̀ gba páìpù kan náà, ìdíwọ́ tó máa bá pàdé á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin. Ibẹ̀ ni owó dísù jẹnẹrétọ̀ ń bá lọ. Ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa omi ló tún burú jù: bí omi ò bá ráyè wọlé tó bó ṣe ń fà á, ariwo rẹ̀ á dà bí ìgbà tí èèyàn ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, kò sì ní pẹ́ tí impeller, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tó ń ti omi nínú rẹ̀, á fi jẹ.

Elbow tí wọ́n fi ń yí páìpù níbi kọ́nà ńkọ́? Mọ́kànlá ni mo kà! Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dí omi lọ́wọ́ tó páìpù gbọọrọ ẹsẹ̀ bàtà 4. Ẹni tó ṣe é ò ro ti omi rárá, ògiri ló ń yà fún.

Ti gíga tí o bi mí, pé ilé ẹ̀rọ wà lókè púùlù, má dààmú. Inú púùlù kan náà lomi ń padà sí. Agbára tó ná láti gòkè, ó ń rí i gbà padà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ibi fífà nìkan ni gíga ti lè yọ wá lẹ́nu, tiwa ò sì ga tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹni tó ń tà á ò ní sọ fún ọ ni pé 60 Hz ni iná Amẹ́ríkà, 50 ni tiwa (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òun ló sì ń pinnu eré mọ́tò). Bí mọ́tò yẹn bá tiẹ̀ gba iná wa, eré rẹ̀ á fi ìdá kan nínú mẹ́fà dín, agbára tó fi ń ti omi á sì dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Àtẹ inú ìwé rẹ̀, tó ń sọ iye omi tó lè tì, ò wá ní bá tiwa mu mọ́.

Ìmọ̀ràn mi ni pé ká hú páìpù ibi fífà, ká fi íǹṣì méjì rọ́pò rẹ̀, ká sì dín elbow kù. Íǹṣì méjì yẹn nìkan, ìdíwọ́ inú rẹ̀ ò ní tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti ìsinsìnyí. Lẹ́yìn náà ká wá ra pọ́ǹpù 50 Hz níbí, 1 hp, ó tiẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀. Onítáìlì ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí náà pè mí kó tó bo ilẹ̀ yẹn.

Bá mi kí Ìyá Tóbi.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Bàbá Ìbejì