Ẹ̀sùn lórí àwòrán Goya tí ẹ tà fún mi

Sí Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, bí iṣẹ́ bá ń lọ níbẹ̀ rárá.

Rìsíìtì mi wà lọ́wọ́ yín, n kò ní tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwòrán gan-an kọ́ ló ń bí mi nínú mọ́, ẹnu òṣìṣẹ́ yín ni. Mo ní ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ kì í ṣe ti ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ Caprichos (àkójọ àwòrán títẹ̀ tí Goya, ayàwòrán ará Sípéènì, ṣe), ti 1799, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé ẹ̀yin lẹ bá Goya tẹ̀ ẹ́ ni?" Ó ní nǹkan àtijọ́ gbọ́dọ̀ ṣá, ó sì gé fóònù mọ́ mi létí.

Ẹ bá mi kọ́ ọ níṣẹ́ tó ń jẹun lórí rẹ̀. Orí bàbà ni Goya ti ṣiṣẹ́. Níbi tí òjìji bá wà, wọ́n á ku ìyẹ̀fun oje igi sójú bàbà, wọ́n á fi iná yọ́ ọ kó lè lẹ̀, ásíìdì á wá jẹ bàbà tó wà láàárín àwọn hóró rẹ̀. Ihò wọ̀nyẹn kò jìn. Bí wọ́n ṣe ń nu yíǹkì tí ẹ̀rọ sì ń tẹ̀ ẹ́, àwọn ló ń kọ́kọ́ pa rẹ́. Ìlà abẹ́rẹ́ máa ń pẹ́ jù wọ́n lọ. Ìdí nìyí tí ìlà ara kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ inú tèmi fi ṣì hàn ketekete, tí òjìji ẹ̀yìn rẹ̀ wá rí pátipàti. Bàbà ló ti gbó, bébà kọ́ ló ṣá. Ẹ̀ẹ̀méjìlá ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1937! Ẹ gbé bébà náà sójú iná: ti 1799 máa ń fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ hàn nínú ara rẹ̀. Tèmi kò ní ẹyọ kan.

Ẹ ní kí n ya fọ́tò, mo yà á. Ẹ ní kò mọ́lẹ̀ tó. Mo yà míì, ẹ ní ó ti dọ́dọ̀ "àwọn onímọ̀". Ọ̀gbẹ́ni tó ní òun á pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ jọ̀ọ́, Jímọ̀ ọdún wo ni?

Nọ́ńbà 42 ni mo rà: ọkùnrin méjì tó pọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sẹ́yìn. Ó jọ pé èmi náà ti ń pọ̀n.

Gbogbo owó mi ni mo fẹ́, pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́, kí oṣù yìí tó parí. Ẹ rán ẹni tí yóò wá gbé àwòrán yín. N kò ní san kọ́bọ̀ lé e. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, báǹkì mi yóò gba owó náà padà lọ́wọ́ yín, lọ́yà mi yóò sì mú ìwé ẹ̀rí tí ẹ fọwọ́ sí lọ sí kóòtù.

Èmi oníbàárà yín, fún ìgbà ìkẹyìn.