Ohùn Òru Ọjọ́ Yẹn

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àárò rẹ ń sọ mí. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn mí ti fúyẹ́ díẹ̀, iṣẹ́ náà ń lọ.

Eré ohùn tí mo sọ fún ọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwa ìyá mẹ́rin ni, a ò lo ìlù rárá. Ìbínú abiyamọ la fẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́, èyí tí a máa ń gbé mì kí wọ́n má baà pè wá ní ìyá burúkú.

Mo rò pé igbe ni yóò nira jù. Àṣé ìkùnsínú ni. Ẹni tó ń kọ́ wa ní kí a pa ẹnu dé, kí a máa kùn. Mo ń kùn pé "ṣebí mo ní kí o wọ bàtà ẹ", léraléra, títí ọ̀rọ̀ fi sọ ìtumọ̀ nù, tó ku ohùn. Àgbọ̀n mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ohùn ìyá mi ló ń jáde lọ́fun mi! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Ní 1961, Yoko Ono, obìnrin oníṣẹ́ ọnà ará Japan, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí akọrin ké mọ́ afẹ́fẹ́, kó ké mọ́ ògiri, kó ké mọ́ sánmà. A dán an wò. Ti ògiri ló dùn mí wọra, torí ó dá igbe mi padà, mo sì gbọ́ ohun tí ọmọ mi máa ń gbọ́. Okùn ohùn obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá figbe ta, ó lè ju 1,000 lọ. Etí ọmọdé ni gbogbo ìyẹn ń wọ̀.

Lánàá, mo bá ọmọ mi nínú yàrá tó ń bá ọmọláńgidi rẹ̀ wí. Ohùn mi ló fi ń bá a wí, títí kan bí mo ṣe máa ń fa èémí símú kí n tó jágbe. N kò lè wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Ìyá Ìbejì, ṣé mò ń tú ìbínú yìí dànù ni, àbí mò ń fi í jogún fún un?

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lóru ọjọ́ yẹn, tí àwọn méjèèjì ń ké pọ̀, ṣì wà lórí fóònù mi. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ rí. Ibi tí o ti pariwo, tí o wá dákẹ́, tí o ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́ ná", òun ni mo fẹ́ fi parí eré náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ. Bí o bá ní rárá, kò ní kúrò lórí fóònù mi.

Fèsì kó tó di ọjọ́ Ẹtì, jọ̀ọ́. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni mo fi bẹ̀ ọ́.

Èmi ni tìrẹ.